Felipe Guaman Poma, Ẹni tí ó Fi Àwòrán Rojọ́ fún Ọba

Nínú àwọn ènìyàn àtijọ́ tí ìtàn wọn lè kọ́ wa lọ́gbọ́n, Felipe Guaman Poma de Ayala, ọmọ ilẹ̀ Pérù ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni a mú wá lọ́dún yìí fún ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Quechua ni àṣá àti puma, ẹranko ńlá kan tí ó fara jọ kìnnìún.

Ní ìgbà ayé rẹ̀, àwọn ará Sípéènì ti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ọba Inca, ojú àwọn ọmọ onílẹ̀ sì rí màbo. Ní 1572, ìjọba bẹ́ orí Túpac Amaru, ọba Inca ìkẹyìn, ní gbangba ìlú Cuzco. Wọ́n sì ń fi agbára kó àwọn ọkùnrin lọ wa kùsà mákúrì ní Huancavelica, níbi tí májèlé rẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

Guaman Poma mọ ìwé, ó sì ṣe ògbufọ̀ fún àwọn àlùfáà àti àwọn ìjòyè ìjọba. Nígbà tí ó pe ẹjọ́ lórí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ nítòsí Huamanga, tí à ń pè ní Ayacucho lónìí, ẹjọ́ náà yí sí i lọ́rùn. Ní 1600, wọ́n dá a lẹ́jọ́ pé kí wọ́n nà án ní 200 pàṣán, kí ó sì kúrò nílùú fún ọdún méjì.

Ẹlòmíràn ì bá ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí mú kálàmù. Ní 1615, ó kọ̀wé sí Philip Kẹta, ọba Sípéènì, nípa ìwé ńlá kan tí ó ti ṣe fún un. Ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ojú ewé 1,200, àwòrán 398 sì ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà sínú rẹ̀. Ẹni tí ó ti ṣe ògbufọ̀ rí mọ bí ọ̀rọ̀ tálákà ti ń yí padà kí ó tó dé etí ọba. Àwòrán kò nílò ògbufọ̀. Ó ya ikú Túpac Amaru àti ẹkún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ya àlùfáà tí ń ta ìyá arúgbó ní ìpá nídìí òfì. Ó ya ọmọ onílẹ̀ kan tí ó kúnlẹ̀, tí ẹranko mẹ́fà yí i ká: ajẹ́lẹ̀ ni ejò, àlùfáà ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, akọ̀wé ẹjọ́ ni ológbò. Kò sì dá àwọn tirẹ̀ sí, nítorí baálẹ̀ ìbílẹ̀ tí ń rẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ ni ó fi ṣe èkúté.

Àtúnṣe tí ó bẹ̀bẹ̀ fún kò dé títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ní 1908, Richard Pietschmann, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, rí ìwé náà ní ilé ìkàwé ọba ní Copenhagen, ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Párísì ní 1936, láti 2001 sì ni ẹnikẹ́ni ti lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn adájọ́ tí ó dá a lẹ́bi ti di ẹni ìgbàgbé. Àwọn tí ó yà kò lè sá fún ojú ayé mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a máa kọ ohun tí ojú ìlú wa ti rí sílẹ̀, kí a sì máa tọ́jú rẹ̀. Bí a bá sì ń ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn àlejò, kí a má ṣe gbàgbé láti ya èkúté ilé pẹ̀lú.