Andrew Foster, Olùkọ́ Àwọn Adití

Ní Abúlé Ẹ̀gbá, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ariwo kì í sinmi. Ọkọ̀ ń fọn fèrè, àwọn ọlọ́jà ń polówó, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń pe ara wọn bí wọ́n ti ń lọ. Ṣùgbọ́n láàárín irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a máa ń rí ẹnì kan tí a ó pè títí tí kò ní yíjú padà. Òmíràn ń gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu. Àwọn ará ilé a ní odi ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a fi í ṣẹ̀sín. Olùkọ́ tí kò mọ ohun tí yóò ṣe a sì mú un jókòó sẹ́yìn. Ta ni ó yẹ kí ó kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Kí sì ni olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó fi ọmọ lé e lọ́wọ́? Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe ń mú ìtàn ọkùnrin yìí wá síwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1925 ni a bí Andrew Foster ní Ensley, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Awakùsà èédú ni baba rẹ̀. Ó ń gbọ́ràn dáadáa títí ó fi di ọmọ ọdún 11. Nígbà náà ni àrùn líle tí ń ba awọ ọpọlọ jẹ́ kọlu òun àti arákùnrin rẹ̀. Wọ́n yè, ṣùgbọ́n etí àwọn méjèèjì di. A rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití aláwọ̀ dúdú ní Talladega. Níbẹ̀, kíláàsì kẹfà ni òpin ẹ̀kọ́ fún irú wọn. Kì í ṣe pé òye rẹ̀ kò tó. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni a wò tí a fi ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 17, ó ṣí lọ sí Michigan lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan. Ó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́, ó sì ń kàwé. Ní ìlú Detroit ni ó ti pàdé ọ̀rọ̀ míṣọ́nnárì kan tí ó ti Jàmáíkà dé, láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ sì ti fà sí iṣẹ́ ìránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìtara nìkan kì í ṣe olùkọ́. Nítorí náà ó fi lẹ́tà kọ́ ẹ̀kọ́ girama títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí ní ọdún 1951. Ó tọrọ àyè ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gallaudet ní Washington, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn adití. Wọ́n kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún kọ̀ fún un, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kò dẹ́kun. Ní 1951 wọ́n gbà á, ní 1954 ó sì gba oyè. Òun ni a kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè níbẹ̀. Ní 1955 ó gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ ìkọ́ni ní Michigan, ní 1956 ó sì tún gba òmíràn ní Seattle.

Ẹ kíyèsí i pé lẹ́yìn gbogbo ìwé ẹ̀rí wọ̀nyí ni ó tó wọkọ̀ wá sí Áfíríkà. Ní ọdún 1957, ọdún tí Gáná gba òmìnira, ó bẹ̀rẹ̀ ní Accra. Yàrá ìkàwé tí ó tọrọ lò ni ó fi ń kọ́ni, nígbà tí àwọn ọmọ tí ń gbọ́ bá ti lọ sílé. Ní ọdún 1960 ó dé Nàìjíríà, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Enugu àti Kaduna. Ní 1961 ó gbé Berta Zuther, adití ọmọ Jámánì, níyàwó. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí.

Ní ọdún 1880, àwọn olùkọ́ adití kan ti pàdé ní Milan ní Ítálì, wọ́n sì pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí a máa fi kọ́ adití, kí a pa èdè ọwọ́ tì. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó jẹ́ adití ti pàdánù iṣẹ́ wọn. Foster kò tọ ọ̀nà yìí. Ó mú èdè ọwọ́ wá, ó sì fi ìwé kíkọ kún un. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó gbé ń ta á.

Ohun tí ó tún ṣe ni ó kàn wá jù lọ. Ó rí i pé bí òun bá kú, tí kò sí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́, ilé òfìfo ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà yóò dà. Nítorí náà ó sọ Ìbàdàn di ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olùkọ́ wá síbẹ̀ láti ilẹ̀ púpọ̀, àní láti ibi tí a ti ń sọ èdè Faransé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ adití. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ lé ní 30, ní ilẹ̀ 13. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1987, ọkọ̀ òfúrufú tí ó wọ̀ já ní Rwanda, ó sì kú.

Ìjọba kò gbójú fo ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1977 a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fún àwọn tí yóò kọ́ ọmọ aláìlera. Ní 1988 òfin gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí ń forúkọ àwọn olùtọ́jú sílẹ̀, àwọn tí ń tún ọ̀rọ̀ sísọ ṣe sì wà nínú wọn. Ní 1993 òfin gbé ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùkọ́ kalẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ìgbìmọ̀ kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ kò sọ ẹnikẹ́ni di olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, oyè olùtọ́jú kò sì sọ ẹnikẹ́ni di olùkọ́ kíláàsì.

Ẹ̀yin ará, oríṣi aṣọ́nà méjì ni Foster bá pàdé. Èkíní wo àwọ̀ àti etí rẹ̀, ó sì dá a padà. Aṣọ́nà yìí kò ṣe ọmọ kankan lóore. Èkejì bi í léèrè ohun tí ó mọ̀. Foster kò bínú sí i, ó jókòó, ó kọ́ ọ, ó sì dáhùn. Ọmọ tí kò lè gbọ́ kò lè wí fún ìyá rẹ̀ pé olùkọ́ òun kò mọ iṣẹ́. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń béèrè ìwé àṣẹ. Ǹjẹ́ kí a má ṣe kùn sí ọdún tí a ń lò lórí ẹ̀kọ́ wa. Bí a bá sì rí ọmọ tí ẹ̀kọ́ wa kò ká, kí a má ṣe fi sẹ́yìn kíláàsì, kí a má sì ṣe bí ẹni tí ó mọ ohun tí a kò mọ̀. Kí a mú un tọ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà lọ.