George Washington àti Eyín Kan Ṣoṣo

Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, eyín gbé mi dé ọsibítù lóru. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi ti ẹni tó kó àkàrà sẹ́nu. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n ní kò sí dókítà eyín àfi tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ẹtì la wà o! Mi ò lè jẹun, mi ò lè sùn. Ìgbà yẹn ni mo ka ìtàn ọkùnrin yìí.

Gbogbo wa la ti rí George Washington lójú owó dọ́là kan. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ó pa á dé pinpin bíi pé inú ń bí i. Eyín ló fà á.

Virginia ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1732. Ó kọ́ṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ó di ológun, ó sì ṣáájú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà títí wọ́n fi gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn pọ̀ nínú ìwé, ẹ lọ kà á. Tèmi ni ti eyín.

Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tó san ṣílè 5 fún ẹni tó yọ eyín kan fún un. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àkọ́kọ́ ní New York, April 30, 1789, eyín kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu ọlọ́lá. Irọ́ ni pé igi ni eyín tó fi sẹ́nu o. Eyín erinmi ni John Greenwood, dókítà eyín rẹ̀, fi gbẹ́ ẹ. Ó fi sípíríǹgì sí i, ó sì dá ihò sílẹ̀ fún eyín kan tó kù yẹn. Sípíríǹgì ń ti ẹnu ṣí, ààrẹ ń fi agbára pa á dé. Nígbà ìbúra kejì, lọ́dún 1793, gbogbo ohun tó sọ ò ju ọ̀rọ̀ 135 lọ. Èmi tí eyín ń dùn, ó yé mi.

Ibi tó wá dùn mí jù nìyí. Washington ní oko ńlá ní Mount Vernon, àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ló ń ro ó. Nínú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ ti May 1784, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n san pọ́n-ùn 6 àti ṣílè 2 fún àwọn ènìyàn dúdú nítorí eyín 9. Wọn ò kọ orúkọ ẹnì kankan. Wọn ò sì kọ ẹnu tí eyín náà padà wọ̀, ṣùgbọ́n eyín ènìyàn wà nínú àwọn eyín àfisí rẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n sanwó. Àmọ́ ẹrú wo ló máa sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò tà? Kò sì tíì sí abẹ́rẹ́ tó ń pa ẹnu kú nígbà yẹn.

Greenwood yọ eyín tó kẹ́yìn lọ́dún 1796. December 14, 1799 ni Washington kú, ọ̀nà ọ̀fun ló pa á. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn ẹrú tó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ tí ìyàwó òun bá ti kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Mọ́mì mi ti yá owó. Dókítà gún mi lábẹ́rẹ́, ẹnu mi kú, wọ́n fa eyín náà yọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi. Ó wà nínú páálí ìṣáná nínú báàgì mi. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá bá mi ní bíréèkì.