Ọba Adérẹ̀mí: Ọọ̀ni tí kò jẹ́ kí orí idẹ Ifẹ̀ di ẹrù àjèjì

Oríṣiríṣi nǹkan làwọn èèyàn máa ń ṣà jọ láyé yìí. Àwọn kan ń ṣa owó ẹyọ ayé àtijọ́, àwọn mìíràn ń ṣa sítáǹbù. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ aago ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ràn, pàápàá aago tí wọ́n ṣe bíi ti ayé àtijọ́, tí wọn ò sì ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Fossil ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1984, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nítorí irú aago bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń kó sínú agolo aláwòrán. Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa kì í ju agolo náà nù. Aago tó bá wà pẹ̀lú agolo rẹ̀ níyì lójú àwọn tó ń ṣà á jọ ju èyí tó dá wà lọ, nítorí agolo náà ló ń jẹ́rìí sí ibi tó ti wá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ ṣe rí. Ilẹ̀ tí wọ́n ti hú orí náà ni agolo tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e kúrò níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iyì rẹ̀ ti dín kù, kódà kó jẹ́ pé wọ́n gbé e sínú gíláàsì níwájú gbogbo ayé. Ọba tó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí le jù lọ ni Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, tí wọ́n jẹ Ọọ̀ni láti 1930 títí di 1980. Bí kì í bá ṣe ti ìdúróṣinṣin wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Amẹ́ríkà la ó máa lọ kí a tó lè rí ojú àwọn baba ńlá wa.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó di Ọọ̀ni

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá ọdún 1889 ni wọ́n bí Adésọjí Adérẹ̀mí sí ìdílé ọba Òṣìnkọ́lá nílùú Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ṣì kéré nígbà tí bàbá wọn kú. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òbí ni kò fẹ́ kí ọmọ wọn fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé, ṣùgbọ́n Adésọjí wà lára àwọn ọmọ Ifẹ̀ díẹ̀ tó kàwé nílé ìwé ìjọ Áńgílíkà.

Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Lọ́dún 1921, wọ́n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n sì gbájú mọ́ òwò. Wọ́n ń ra irè oko, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ṣòwò. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, wọ́n ti di ọ̀kan lára àwọn olówó Ifẹ̀.

Nígbà tí Ọọ̀ni Adémilúyì Ajàgún wàjà lọ́dún 1930, Adérẹ̀mí ni wọ́n fi jọba. Ọmọ ogójì ọdún ni wọ́n nígbà náà. Ìlú gba ọba tó mọ ìwé, tó mọ owó, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n gorí ìtẹ́ tí wọ́n fi dá Odùduwà College sílẹ̀ lọ́dún 1932, kí ọmọ Ifẹ̀ má baà máa lọ wá ilé ìwé girama kiri.

Ohun tí Frobenius fi sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Kábíyèsí fi ní láti la ojú wọn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ìparí ọdún 1910, nígbà tí Adésọjí ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius wọ Ifẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa rìn kiri Áfíríkà, kó máa ra ère àti ohun èlò òrìṣà, kó sì máa kó wọn lọ sí ilẹ̀ rẹ̀.

Ní Igbó Olókun, ó rí orí idẹ kan tó gbé adé, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí Orí Olókun. Pọ́n-ùn mẹ́fà, ìgò ọtí wisikí kan àti ife mímu mélòó kan ló fẹ́ fi gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ náà dàrú, ó dé etí àwọn aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gba orí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ọ̀pọ̀ ère amọ̀ tí wọ́n sun ló kó dé Berlin.

Èyí tó tún dunni ni ohun tó sọ nígbà tó délé. Ó ní àwọn èèyàn dúdú kò lè ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ tó ti wá tẹ̀dó sí etí òkun ilẹ̀ wa ló ní i. Ẹ ò rí nǹkan! Ó kó ère, ó sì tún fẹ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Ilé kíkọ́ tó di ọ̀rọ̀ ayé

Ọdún kẹjọ tí Ọba Adérẹ̀mí gorí ìtẹ́, ìyẹn 1938, ni ohun tẹ́nikẹ́ni ò retí ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin. Irin iṣẹ́ wọn kan ohun líle nínú ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n hú u jáde, ojú èèyàn ló ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi máa parí ọ̀rọ̀ náà ní 1939, orí idẹ àti orí bàbà tí wọ́n ti rí níbẹ̀ tó 17, tí púpọ̀ nínú wọn tóbi tó orí èèyàn gan-an. Ilà wẹ́wẹ́ tó gba òkè wá sí ìsàlẹ̀ wà lójú àwọn kan, ojú àwọn mìíràn sì dán gbinrin.

Ìròyìn náà tàn dé òkè òkun. Ibi tí ewu wà nìyẹn. Nígbà náà, kò sí òfin kan pàtó ní Nàìjíríà tó de ẹni tó bá fẹ́ ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè bá ẹni tó nílò owó dúnàádúrà ní kọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orí mẹ́ta ṣe jáde nílé. William Bascom, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó wá ṣèwádìí nípa Ifẹ̀, ra méjì. Henry Maclear Bate, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Daily Times l'Ékòó, ra ọ̀kan, ó sì gbé e dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1939, níbi tó ti di ti British Museum.

Ààfin ni àwọn tó kù wọ̀. Ọba Adérẹ̀mí kó wọn pa mọ́, wọn ò sì tà wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tó ń gbọ́ ọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Àwọn tó ń ṣa nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ nílùú òyìnbó kò kọ iye tí wọ́n máa san. Àwọn ọba kan sì wà káàkiri Áfíríkà tí wọ́n fi ohun àjogúnbá tọrẹ fún àjèjì. Àwọn àgbà ló sọ pé ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

Ariwo àwọn mẹ́ta tó lọ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jí. Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó dé Nàìjíríà ní 1927, wà lára àwọn tó pariwo jù pé kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé dúró sílẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é. Ní 1943, ìjọba fi í ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin tó de kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde lọ́nà tó nípọn wá jáde ní 1953. Kí ó tó dìgbà náà, orí méjì tí Bascom rà ti padà sí Nàìjíríà, ní 1950.

Orí Olókun: ojúlówó ni àbí ayédèrú?

Ní 1948, wọ́n kó àwọn orí náà lọ sí British Museum fún ìtọ́jú, wọ́n sì fi hàn àwọn èèyàn níbẹ̀ kí wọ́n tó dá wọn padà. Ibẹ̀ ni àṣírí kan ti tú. Àwọn onímọ̀ yẹ Orí Olókun tí Frobenius fi sílẹ̀ wò, wọ́n sì kéde ní 1949 pé kì í ṣe ojúlówó.

Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ifẹ̀ àtijọ́ kì í fi iyanrìn ṣe iṣẹ́ wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ orí, wọ́n á fi ìda oyin bò ó, wọ́n á sì ya ojú, imú, ẹnu àti ilà sára ìda náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún fi amọ̀ bò ó yíká. Bí wọ́n bá ti gbé e síná, ìda á yọ́ jáde, wọ́n á sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fọ́ amọ̀ náà, ìyẹn ni orí kan kì í fi í rí bí èkejì. Àwọn tó yẹ Orí Olókun wò ní iyanrìn ni wọ́n fi ṣe é, bí ẹni tó fi àpẹẹrẹ tẹ ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti gbà pé ẹnì kan pààrọ̀ orí náà, wọ́n sì ń wá ojúlówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀rúndún tiwa yìí, wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojúlówó náà ló wà nílé látọjọ́ yìí. Ìyẹn wúlò fún gbogbo ẹni tó ń ṣa nǹkan àtijọ́ jọ. Ohun tó bá ti kúrò ní àyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó gba ọwọ́ dé ọwọ́, ìyèméjì kò ní tán lára rẹ̀ mọ́.

Ilé fún àwọn orí

Pípa nǹkan mọ́ sínú yàrá ọba nìkan kò tó. Lọ́dún 1954, músíọ̀mù Ilé-Ifẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, tó fi jẹ́ pé ọmọ ilé ìwé tó wá láti Mọ́dákẹ́kẹ́ tàbí Ẹdúnàbọ̀n lè wo ohun tó jẹ́ pé òyìnbó nìkan ló ń rí i tẹ́lẹ̀. Ó dé ní àsìkò tó yẹ. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ilẹ̀ ilé ní Ìta Yemòó kan ère idẹ mìíràn, títí kan ti ọba àti olorì tó so ọwọ́ kọ́ ara wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan ò rí bíi ti Wúnmọníjẹ̀ mọ́. Frank Willett, awalẹ̀pìtàn tó wá di alábòójútó músíọ̀mù náà, walẹ̀ ibẹ̀ létòlétò, ó sì kọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Ère àti agolo rẹ̀ wà papọ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, iṣẹ́ ìlú kò jẹ́ kí Kábíyèsí sinmi. Àwọn ni ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ àwọn lọ́balọ́ba ní Ìwọ̀-Oòrùn. Lọ́dún 1960, wọ́n fi wọ́n ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, èyí tó sọ wọ́n di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìjà òṣèlú 1962 bá wọn lórí àga náà, ó sì kó wọn sí àárín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti kúrò níbẹ̀, wọ́n sì padà sí ààfin wọn. Ìgbà wọn náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1962. Nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà l'Ékòó ní 1973, Orí Olókun ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta oṣù keje ọdún 1980 ni Ọba Adérẹ̀mí wàjà, lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà, tó fi mọ́ ti Ifẹ̀, ń rin ìrìn àjò nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Detroit. Ìrìn àjò àlejò ni, kì í ṣe ti ẹrú. Tiwa ni wọ́n, wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀.

Ohun tó kù fún wa

Ó ṣeni láàánú pé lẹ́yìn ìpapòdà wọn, àwa fúnra wa la jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí. Ní 1993 àti 1994, àwọn olè fọ́ músíọ̀mù Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì kó ère lọ. Àwọn tó ra ẹrù olè náà mọ̀ pé kò ní ìwé, kò sì ní ìtàn. Síbẹ̀ wọ́n rà á. Orí Wúnmọníjẹ̀ kan tó dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1939 ṣì wà ní British Museum. Nínú àwọn mẹ́ta tó jáde nílé nígbà náà, òun nìkan ni kò tíì padà.

Kò pọn dandan kí èèyàn jẹ́ ọba kó tó ṣe bíi ti Ọba Adérẹ̀mí. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ifẹ̀ ló ṣì ń kọ́lé, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì tíì tán nínú. Ẹni tó bá kan ohunkóhun níbi tó ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, kó má ṣe jẹ́ kí oníbàárà kọ́kọ́ gbọ́ kí músíọ̀mù tó gbọ́. Kó fi nǹkan náà sílẹ̀ síbi tó wà, kó sì ránṣẹ́ pe àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Owó tí wọ́n bá san ní kọ̀rọ̀ kò ní pẹ́ tán, ojú baba ẹni tó bá sì ti lọ báyìí, ìgbà tó máa padà kò dáni lójú.