Àjàyí Crowther: Ẹni Tí A Gbé Ga Ju Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Lọ

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó máa ń da àwa ọmọ Bantè àti Savalou tí a fi Faransé kàwé láàmú: The wall was built higher. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò dárúkọ olùṣe ló ṣíwájú, ọ̀rọ̀ àfiwé sì tẹ̀ lé e. Higher ń sọ bí odi ṣe rí nígbà tí iṣẹ́ parí, kì í ṣe bí iṣẹ́ náà ṣe lọ. Samuel Àjàyí Crowther ti bá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ pàdé ṣáájú wa.

Òṣoògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí 1809. Ní 1821 ogun kó o lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ ẹrú ní Èkó. Ní 1822 àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827.

Èdè àjèjì kò gba ti ìyá mọ́ ọn lẹ́nu. Ní 1843 ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì. Odidi rẹ̀ jáde ní 1884.

Nínú ìwé Hébérù orí 7, Gẹ̀ẹ́sì sọ pé a gbé Jésù ga ju ọ̀run lọ: gbólóhùn tiwa gan-an nìyẹn. Yorùbá kò ní kí a pa ọ̀rọ̀-ìṣe dà. Wọ́n mọ odi náà ga ju ti àtijọ́ lọ: mọ, ga, ju àti lọ, ọ̀rọ̀-ìṣe ni gbogbo wọn, wọ́n kàn tò tẹ̀ léra ni. A àti wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ tí on ń ṣe nínú Faransé.

Ní 1864 a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ní 1890 a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ju bó ti yẹ àgbà lọ. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni a yìí? Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S. ló gbé e ga. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó inú ẹgbẹ́ kan náà ló rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lè yọ olùṣe kúrò pátápátá. Yorùbá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó bá gbọ́ wọ́n lè béèrè pé: àwọn wo? Ẹ jẹ́ ká máa béèrè.