George Westinghouse: ọkùnrin tó fi afẹ́fẹ́ dá ọkọ̀ ojú irin dúró

Gbogbo àwa tí a mọ ojú irin tó ti Kútọnu gba Ṣábẹ̀ lọ sí Parakou la mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá dúró lójijì. Ìtàn ẹni tó wá ojútùú sí ọ̀ràn yìí la mú wá lónìí.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1846 ni wọ́n bí George Westinghouse ní Central Bridge, ní ìpínlẹ̀ New York, Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Schenectady, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Kó tó pé ọmọ ọdún 20, ó ti ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dé.

Láyé ìgbà yẹn, tí awakọ̀ bá fẹ́ dúró, á fun fèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ á wá máa sáré lórí òrùlé ọkọ̀ ẹrù, wọ́n á máa fọwọ́ yí bíréèkì, ohun tí àwa ń pè ní frein, lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjò ń rọ̀, ọkọ̀ ń mì. Ọ̀pọ̀ ló já bọ́ tí wọ́n kú.

Westinghouse kà á pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ni wọ́n fi ń lu àpáta níbi ihò Mont-Cenis, láàárín ilẹ̀ Faransé àti Ítálì. Ó rò ó pé tí afẹ́fẹ́ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè di kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ mú. Ní 1869, ó gbàwé àṣẹ lórí bíréèkì afẹ́fẹ́, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Pittsburgh.

Àmọ́ àléébù kan wà ńbẹ̀: tí páìpù bá já, bíréèkì ò sí mọ́. Ní 1872, ó yí ọ̀rọ̀ náà po. Ó fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àgbá afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Páìpù tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn ló ń kún àgbá náà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí bíréèkì tú sílẹ̀. Tí awakọ̀ bá dín afẹ́fẹ́ páìpù kù, tàbí tí páìpù bá já, àgbá á fi afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ti bíréèkì mọ́ kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ á dúró fúnra rẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyẹn.

Ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n fi ń wọ́ ẹ́ńjìnnì tó ti kú. Ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ó wúwo gan-an. Wọ́n á pa ọ̀nà láàárín ọwọ́ bíréèkì tirẹ̀ àti páìpù dé, kó má baà bá ti iwájú jà. Wọ́n á wá ṣí ọ̀nà tóóró kan, kí afẹ́fẹ́ páìpù máa wọ àgbá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á wá máa gbọ́ràn bíi ti ọkọ̀ ẹrù yòókù. Tí wọn ò bá ṣe é, ẹrù lásán ló dà. Bíréèkì àwọn yòókù ló máa dá a dúró.

Ní 1893, ìjọba Amẹ́ríkà fi bíréèkì afẹ́fẹ́ ṣòfin. Westinghouse ti wọnú iṣẹ́ iná mànàmáná nígbà yẹn. Àmọ́ wàhálà owó ọdún 1907 gba àṣẹ ilé iṣẹ́ iná náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1914.

Títí dòní, afẹ́fẹ́ ṣì ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró, kò sì pọn dandan mọ́ kí ẹnikẹ́ni sáré lórí òrùlé. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa dì mú nìyẹn: ohun tó dára ni èyí tó ń gba ẹ̀mí là kódà nígbà tó bá bàjẹ́.