Ìtàn Ìgbésí-Ayé Sergei Korolev

Ní oṣù kìíní ọdún 1907 ni a bí Sergei Korolev ní ìlú Zhytomyr ní ilẹ̀ Ukraine, tí ó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Kò tíì gbọ́n tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fi kọ ara wọn sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí ìyá rẹ̀ ni ó dàgbà sí, láìní ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìbá máa bá ṣeré. Lẹ́yìn èyí, ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn, wọ́n sì kó lọ sí Odessa létí òkun. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti ń wo àwọn ọkọ̀ òfurufú tí í máa bà lórí omi. Ìfẹ́ wọn wọ̀ ọ́ lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọmọ ọdún 17 péré ni nígbà tí ó ya àwòrán ọkọ̀ òfurufú aláìlẹ́rọ kan, tí atẹ́gùn nìkan yóò máa gbé.

Ó kàwé ní Kiev àti ní Moscow, níbi tí Tupolev, ògbóǹtagí nínú ṣíṣe ọkọ̀ òfurufú, ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1931, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní Moscow láti máa ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kò rí bí ọkọ̀ òfurufú. Inú rẹ̀ ni epo wà, inú rẹ̀ náà sì ni afẹ́fẹ́ tí epo náà fi ń jó wà. Ooru tí ń tú jáde nídìí rẹ̀ ni ó ń tì í lọ sókè, nítorí náà ó lè rìn dé ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí rárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1933, rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kìíní gòkè tó nǹkan bí 400 mítà.

Stalin ni olórí ilẹ̀ náà nígbà náà, ìfura sì ti gba ìlú kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1938, a yìnbọn pa ọ̀gá méjì níbi iṣẹ́ Korolev. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, a wá mú òun náà nílé. Ẹ̀sùn tí a fi kàn án ni pé ó ń ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́. A lù ú títí ó fi gba ohun tí kò ṣe, a sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Kolyma ni wọ́n gbé e lọ, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà, níbi tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń wa wúrà nínú òtútù tí í sọ omi di òkúta. Erìgì rẹ̀ wú, ọ̀pọ̀ eyín rẹ̀ sì yọ. Bí kò bá ṣe pé a pè é padà sí Moscow lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni ìtàn yìí ìbá parí sí. Nígbà tí ó dé, ó bá Tupolev olùkọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n! Ìjọba kó àwọn ọ̀mọ̀ràn wọ̀nyí sí ojú kan láti máa ṣe ọkọ̀ òfurufú ogun, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún 1944 ni a tó dá Korolev sílẹ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a wọ̀ ọ́ láṣọ ológun, a sì rán an lọ sí Jámánì tí a ti ṣẹ́gun, láti lọ wo rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 tí àwọn ará Jámánì fi ja London. Ẹni tí ìjọba ti sọ di ọ̀daràn ni ìjọba kan náà wá gbé irú iṣẹ́ báyìí lé lọ́wọ́. Ní ọdún 1949, Kurchatov àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dán àdó olóró átọ́míìkì Soviet àkọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n ọfà tí kò ní ọrun ni. Amẹ́ríkà ní àwọn ibùdó ọkọ̀ òfurufú nítòsí Rọ́ṣíà, Rọ́ṣíà kò sì ní ọ̀kankan nítòsí Amẹ́ríkà. Korolev ni ó ṣe ọrun náà. Ní oṣù kejì ọdún 1956, rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbé àdó olóró tòótọ́ rin nǹkan bí 1,200 kìlómítà kí ó tó bú gbàù.

Èyí tí ó tóbi jùlọ, R-7, kò tètè gbọ́ràn. Ó gbiná ní oṣù karùn-ún ọdún 1957, àwọn mìíràn sì kùnà lẹ́yìn rẹ̀, kí ọ̀kan tó fò dé Kamchatka ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ìrìn tí ó ju 6,000 kìlómítà lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, irú rẹ̀ kan náà gbé Sputnik, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 83.6 kílò, lọ sí òfurufú, gbogbo ayé sì gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò. Kí a sọ òtítọ́, R-7 kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún ogun, nítorí pé ọ̀pọ̀ wákàtí ni a fi í múra rẹ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlòmíràn fi gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ ológun. Fún ìrìn-àjò òfurufú ni ó dára. Òun ni ó gbé Gagarin ní ọdún 1961, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń gbé ènìyàn lọ títí di òní.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé káàkiri ayé mọ orúkọ Gagarin. Wọn kò mọ ti Korolev. Ìjọba ń bẹ̀rù kí ọ̀tá má baà pa á, nítorí náà Ọ̀gá Olùṣètò nìkan ni ìwé ìròyìn ń pè é. Bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn, K. Sergeev ni ó ń fi sábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1957 ni ilé ẹjọ́ sọ pé kò jẹ̀bi ẹ̀sùn ọdún 1938. Èyí pẹ̀lú kò jáde sí gbangba.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1966, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 59, ó kú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní Moscow. A gbọ́ pé àgbọ̀n rẹ̀ tí ó ti fọ́ nígbà ẹ̀wọ̀n kò jẹ́ kí àwọn dókítà lè tètè ti ọ̀pá èémí bọ ọ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìwé ìròyìn Pravda gbé àwòrán rẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti kí òkú ọkùnrin tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, a sì sin eérú rẹ̀ sínú ògiri Kremlin.