Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Odò Ọya

Ẹni tí ó bá ti gbé Ìkejà tàbí Agége rí yóò ti gbọ́ nípa òṣìṣẹ́ tí ó fi ọgbọ̀n ọdún sin ilé-iṣẹ́ kan, tí wọ́n wá fi ọmọ tí ó dé lánàá ṣe ọ̀gá lé e lórí. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ìrìn àjò rẹ̀ lórí Odò Ọya ni a kì í sábà sọ. Ní 1841, ó bá àwọn Òyìnbó lọ. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn, àwọn yòókù sì padà. Ní 1854, ó bá Dókítà Baikie lọ nínú ọkọ̀ Pleiad títí dé Odò Bẹ́núé. Kuníìnì tí wọ́n ń lò kò jẹ́ kí Òyìnbó kankan kú. Ní 1857, ó dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Onitsha, ìwé ìbẹ̀rẹ̀ èdè Ìgbò tí ó ṣe sì jáde. Lọ́dún náà ni ọkọ̀ Dayspring forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, tí ó fọ́.

Ní 1864, ó di Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ oyè náà. Ní 1867, ìjòyè kan mú òun àti Dandeson ọmọ rẹ̀ nítòsí Ìdà, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ọfà olóró pa òun fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, Crowther kò yé lọ sí odò náà.

Nígbà tí ó tó ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Òyìnbó dé, wọ́n ń fẹ̀sùn ìwà àìtọ́ kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n àti ẹlẹ́ṣẹ̀ àti aláìṣẹ̀ ni wọ́n jọ fìyà jẹ. Ní 1890, ní ìpàdé Onitsha, wọ́n dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lójú rẹ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ní 2014, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 122 ti kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọwọ́ Crowther wà nínú ìwé Yorùbá tí à ń kà. Ẹ jẹ́ kí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó lànà nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́ ọ.